Ẹ Bi Wá: Orúkọ Wo Ló Yẹ Táàgì Géèmù?

Ìbéèrè mẹ́rin la mú lóṣù yìí, táàgì ni gbogbo wọn dá lé: orúkọ kékeré tí à ń so mọ́ ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá ń wá a lè rí i.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi ni mò ń mójú tó gúrúùpù àwọn tó ń fi géèmù ṣeré, lórí Discord, ìkànnì tí a ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. A ní táàgì "mw2" fún géèmù ogun Call of Duty. Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìdáhùn tí kò bá géèmù rẹ̀ mu ni wọ́n ń fún un, ó sì ń dìjà. Kí ni ká ṣe? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ẹ kú àmójútó. Àwọn ọmọ gúrúùpù yín kò jẹ̀bi. Táàgì yẹn ló ń pe géèmù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Call of Duty kan tó ń jẹ́ Modern Warfare 2 jáde lọ́dún 2009. Modern Warfare II mìíràn, tí wọ́n fi lẹ́tà Róòmù kọ nọ́ńbà rẹ̀, jáde lọ́dún 2022. Lẹ́nu àwọn tó ń fi wọ́n ṣeré, "mw2" ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀ máàpù ọ̀tọ̀ àti iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló wà nínú wọn. Modern Warfare 3 náà kò yàtọ̀: ti 2011 wà, ti 2023 náà wà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ẹ ó wò níbí ni ìbéèrè tó ti wà nílẹ̀. Ẹ ṣí 100 tó gbẹ̀yìn nínú wọn, kí ẹ kọ orúkọ tí àwọn tó béèrè fi pe géèmù wọn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, àní bí àwọn ògbólógbòó inú gúrúùpù bá fẹ́ràn òmíràn. Ẹni tó mọ géèmù náà tinú-tẹ̀yìn kì í wá táàgì kiri. Ẹni tọ́rọ̀ há mọ́ lọ́wọ́ ló ń wá a, ohun tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ orúkọ. Bí orúkọ yẹn bá wá bá géèmù méjì mu, ẹ fi ọdún tó jáde sí i: "cod-mw2-2009", "cod-mw2-2022".

Ẹ ṣọ́ gígùn rẹ̀ o. Discord kì í gbà ju lẹ́tà 20 lọ fún orúkọ táàgì, ó sì ń ka dáàṣì àti nọ́ńbà mọ́ ọn. Ẹ ka "call-of-duty-mw2-2009": 21 ni. Ẹyọ kan ṣoṣo ló fi lé, kò sì ní wọlé. "cod-mw2-2009" jẹ́ 12. Iwájú ni kí ẹ ti gé orúkọ. Ẹ má fọwọ́ kan ọdún, torí òun ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Táàgì 20 péré náà ni ìkànnì ìbéèrè kan lè ní, 5 ló sì pọ̀ jù lórí ìbéèrè kan. Nítorí náà, ẹ má so orúkọ géèmù pọ̀ mọ́ irú ìṣòro. Bí géèmù bá jẹ́ 6, tí irú ìṣòro jẹ́ 4, ẹni tó so wọ́n pọ̀ yóò nílò táàgì 24, àyè kò sì ní gbà á. Ẹni tó yà wọ́n sọ́tọ̀, 10 ló máa lò: òǹbéèrè á mú "minecraft-bedrock" (orúkọ géèmù), á sì mú "ìsopọ̀" (irú ìṣòro) kún un.

Èyí tó ṣòro jù fún àwọn alámòójútó láti gbà nìyí: bí ẹ bá ti ya géèmù sọ́tọ̀, ẹ má fi orúkọ ìhòòhò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Minecraft ti Java wà, ti orí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ti Bedrock wà, òun ló wà lórí fóònù. Àṣẹ tí ẹ tẹ̀ nínú ọ̀kan lè má ṣiṣẹ́ nínú èkejì. Bí "minecraft" lásán bá ṣì wà nínú àkójọ, èyí tó kúrú yẹn ni ọ̀pọ̀ yóò mú, gbogbo ìyàsọ́tọ̀ yín á sì di asán.

Ní ti "mw2" àtijọ́, ẹ má pa á rẹ́, torí yóò kúrò lára gbogbo ìbéèrè tó wà. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti ọdún tí ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ wá fọwọ́ mú àwọn yòókù lọ sábẹ́ èkejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Géèmù bọ́ọ̀lù FIFA ti di FC. Ṣé ká yí gbogbo táàgì "fifa" wa sí "fc" ni? (Òǹkàwé, Èkó)

Rárá o. FIFA 23 ló jẹ́ orúkọ yẹn gbẹ̀yìn. FC 24, tó jáde lọ́dún 2023, ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tuntun. Ẹni tó ra FIFA 23, ohun tó wà lára páálí rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ títí. Ẹ fi "fifa-23" sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ṣí "fc-24" lọ́tọ̀. "fc" nìkan kò dára rárá, nítorí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń fi FC sẹ́yìn orúkọ.

Ti PES, géèmù bọ́ọ̀lù mìíràn tó di eFootball lọ́dún 2021, yàtọ̀ díẹ̀. Géèmù kan náà ni wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún látìgbà náà, nítorí náà "efootball" kan ti tó. Ibi tí ọdún bá ti ya géèmù sí méjì nìkan ni ká ti kọ ọ́.

Bó bá jẹ́ háṣítáàgì lórí X tàbí Facebook, ẹ yọ dáàṣì kúrò. Ibi tí dáàṣì bá wà ló ti ń já: "#fc-24" yóò di "#fc", 24 á kù síta. "#fc24" ni kí ẹ kọ.

Ayò ọlọ́pọ́n la máa ń ta lórí fóònù níhìn-ín. Bí mo bá tẹ "#ayo", orúkọ ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ayọ̀ ló ń jáde. Bí mo bá sì fi àmì ohùn sí i, ìgbà mìíràn mò ń rí tiwa, ìgbà mìíràn n kì í rí i. (Òǹkàwé, London)

Ẹ kú ìtara. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Láìsí àmì, ayò àti ayọ̀ di ọ̀kan náà, ìyẹn ló ń kó ìdùnnú àti orúkọ ènìyàn wọ inú eré yín. Èkejì wà nínú fóònù. Bọ́tìnnì kan lè tẹ "ò" gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Òmíràn á tẹ "o", á wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Lójú wa, "ayò" ni méjèèjì. Lójú ẹ̀rọ, ẹyọ 3 ni ti àkọ́kọ́, ti èkejì jẹ́ 4. Bí ohun tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di irú kan, kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ dán an wò: ẹ ṣe ẹ̀dà "ayò" tí ẹlòmíràn kọ, kí ẹ fi wá tiyín.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ tẹ táàgì fúnra wọn, ẹ lo "#ayoolopon", láìsí àmì. Níbi tí wọ́n ti ń mú un nínú àkójọ, bíi ti Discord, ẹ kọ "ayò-ọlọ́pọ́n" pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́, ojú ni wọn yóò fi rí i, ó sì yẹ kí èdè wa hàn bó ṣe rí.

Ẹ má ṣe fi "mancala" rọ́pò rẹ̀. Orúkọ gbogbo ìdílé eré náà nìyẹn, èyí tó sì sábà wà lórí fóònù lábẹ́ orúkọ yẹn ni Kalah, tó ní ihò ńlá kan fún olúkúlùkù lórí ọpọ́n, tí wọ́n sì ń ju ọmọ sínú rẹ̀. Tiwa jẹ́ ihò 12 péré, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá béèrè bí a ṣe ń jẹ ọmọ ayò, tó sì gba ìdáhùn Kalah, yóò ta ayò rẹ̀ ní ìtakúta.

Ṣé táàgì "dráfù" nìkan kò tó? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Kò tó. Dráfù olójú 100 ní ọmọ 20 fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ọba rẹ̀ sì ń rin ọ̀nà jíjìn. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ojú 64, ọmọ 12, ọba rẹ̀ kì í rìn ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ti Rọ́ṣíà náà jẹ́ ojú 64 àti ọmọ 12, ṣùgbọ́n ọba tirẹ̀ ń rin ọ̀nà jíjìn, nítorí náà "dráfù-64" kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ ṣe mẹ́ta: "dráfù-100", "dráfù-gẹ̀ẹ́sì", "dráfù-rọ́ṣíà".