Ìpàdé Àgbáyé Àwọn Nọ́ọ̀sì: Ṣé Kí N Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n pè mí sí ìpàdé àgbáyé lórí èdè kan náà tí gbogbo nọ́ọ̀sì á máa fi kọ àkọsílẹ̀. Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Lọ, àbúrò mi. Iṣẹ́ tìrẹ gan-an ni wọ́n fẹ́ jíròrò. Wo aláìsàn tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ kọ "ìdí pọ́n", ti ọ̀sán kọ "ara ń ta á", ti alẹ́ kọ "mo yí i padà". Ohun kan náà ni wọ́n ń tọ́jú, ìyẹn awọ ara tó fẹ́ di egbò nítorí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè so ó pọ̀, iṣẹ́ wa á sì lọ láìsí ẹni tó kà á. Ó ń dùn mí gan-an.

Ní 1973, àwọn nọ́ọ̀sì péjọ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, láti to orúkọ àwọn ìṣòro tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú. Ibẹ̀ ni NANDA, ẹgbẹ́ tó ń to àwọn orúkọ náà, ti ṣẹ̀. Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà náà, ló ṣe NIC, àtòjọ orúkọ fún iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń ṣe, àti NOC, àtòjọ orúkọ fún àbájáde rẹ̀ lára aláìsàn. Kà nípa wọn kí o tó lọ.

Má jókòó sí gbọ̀ngàn ńlá ṣáá. Ibi tí wọ́n lẹ ìwádìí mọ́ pátákó ni kí o ti pẹ́: ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ló máa ń dúró síbẹ̀. Bi í bí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe ń ráyè fi èdè náà kọ àkọsílẹ̀ nígbà tí wọ́ọ̀dù bá kún. Mú fọ́ọ̀mù tí ẹ ń lò dání, èyí tí kò sí orúkọ aláìsàn lórí rẹ̀.