Ṣé Ọ̀dùnkún Gidi Ni Pringles?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi to Pringles, ìpanu inú agolo yẹn, sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ bára mu rẹ́gí. Ṣé ọ̀dùnkún gidi ni? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ọ̀dùnkún wà níbẹ̀, àmọ́ wọn kì í rẹ́ ẹ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìpékeré. Ọ̀dùnkún gbígbẹ ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ìrẹsì. Wọ́n á nà án pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á dín in nínú ohun tó tẹ̀ bí gàárì ẹṣin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń jókòó sínú èkejì bí igbá inú igbá.

Fredric Baur, onímọ̀ kẹ́míkà ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, ló ṣe agolo tí wọ́n ń kó Pringles sí. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé nígbà tó kú ní 2008, tí wọ́n sì sun òkú rẹ̀, inú agolo Pringles làwọn ọmọ rẹ̀ sin díẹ̀ nínú eérú rẹ̀ sí.