Òṣìṣẹ́ wa ń gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn: ṣé ká kàn pè é ní agbaṣẹ́ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà ni mo dá sílẹ̀, a ò ju méje lọ. Obìnrin kan tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn ti bá wa ṣe iṣẹ́ ráńpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. A fẹ́ kó máa bá wa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láti ilé rẹ̀ níbẹ̀. Akáǹtáǹtì wa ní ká kàn pè é ní agbaṣẹ́ṣe nínú ìwé, kó máa fi ínfọ́ọ̀sì, ìyẹn ìwé tó fi ń béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, ránṣẹ́ lóṣooṣù, ká sì máa sanwó sí báńkì rẹ̀. Ó ní tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí owó orí tó kàn wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wo ni ká gbà?

Ìdáhùn

Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, torí ìgbà tí lẹ́tà àjọ owó orí bá ti délé ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pè mí.

Ohun tí akáǹtáǹtì yín sọ bá iṣẹ́ ráńpẹ́ méjì tó ti ṣe fún yín mu. Kò bá èyí tí ẹ fẹ́ gbé fún un báyìí mu. Ẹni tó ń jí láràárọ̀ wá sẹ́nu iṣẹ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà wá, òṣìṣẹ́ yín ni. Ilẹ̀ tó jókòó lé tó fi ń ṣiṣẹ́, òfin ilẹ̀ yẹn ló ni ọ̀rọ̀ owó oṣù rẹ̀. Ibi tí ẹ ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kò yí i padà. Báńkì tí owó ti jáde náà kò yí i padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2006, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé Ìmọ̀ràn 198 jáde. Ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an lẹ́nu iṣẹ́ ni kí wọ́n máa fi mọ òṣìṣẹ́, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n pè é nínú àdéhùn. Ọ̀nà yẹn náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021 nínú ẹjọ́ Uber. Ìwé àdéhùn ní àwọn awakọ̀ ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn ni. Àwọn adájọ́ wo ẹni tó ń bu iye owó ọkọ̀ àti ẹni tó ń darí awakọ̀, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n, pé owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin àti ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún tọ́ sí wọn. Ní California, láti 2020, agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kó fi ẹ̀rí mẹ́ta hàn, nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, pé ẹni tó ń bá òun ṣiṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òṣìṣẹ́ ni.

Ẹ wá bi ara yín. Ta ló máa sọ aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ṣé ó lè rán ẹlòmíràn kó bá a ṣe é? Ṣé ó ní oníbàárà mìíràn yàtọ̀ sí yín? Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, àpò ta ni àdánù rẹ̀ ti máa jáde? Mo ti mọ èsì yín sí gbogbo rẹ̀ láti inú lẹ́tà yín.

Ilé-iṣẹ́ kan pè mí nígbà kan pé kí n wá bá wọn yẹ ìwé wò. Ayàwòrán kan ti wà lọ́dọ̀ wọn fọ́dún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí agbaṣẹ́ṣe, láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo tẹ́ ínfọ́ọ̀sì mẹ́rìndínlógójì sórí tábìlì. Iye kan náà ló wà lára gbogbo wọn, ọjọ́ kan náà láàárín oṣù ni wọ́n kọ wọ́n, nọ́ńbà wọn sì tò tẹ̀ léra láti 1 dé 36 láìfo ẹyọ kan. Ẹni tó ní oníbàárà mìíràn, nọ́ńbà ínfọ́ọ̀sì rẹ̀ á fò. Ọ̀kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ fún oṣù tó fi gbogbo rẹ̀ sinmi. Mi ò nílò àlàyé ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n san ìpín tiwọn, wọ́n san ìpín tó yẹ kí wọ́n ti máa yọ lára owó rẹ̀, wọ́n san èlé àti owó ìtanràn. Ó dùn mí gan-an, torí wọn kì í ṣe oníjìbìtì. Ẹnì kan ló gbà wọ́n nímọ̀ràn bí akáǹtáǹtì yín ṣe gbà yín yìí. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Oṣù kìn-ín-ní ni kí ẹ tún un ṣe, ẹ má dúró di ọdún kẹta.

Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú owó oṣù tó bá kọjá ẹnubodè, àwọn èèyàn sì máa ń dì í pọ̀ mọ́ra: owó orí tí a ń yọ lára owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ ń dá, àti òfin iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Lórí owó orí, ẹ óò gbọ́ kí wọ́n máa sọ ti ọjọ́ 183. Nínú àdéhùn owó orí tí orílẹ̀-èdè méjì bá jọ ṣe, ìlànà kan sábà máa ń wà tí wọ́n mú látinú Àpilẹ̀kọ 15 àwòṣe àdéhùn tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ajé, kọ. Ó ní ẹni tí kò bá lò ju ọjọ́ 183 lọ ní orílẹ̀-èdè kejì láàárín oṣù méjìlá lè má san owó orí níbẹ̀, bí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ kì í bá ṣe ará ibẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà níbẹ̀ ló ń ru ìnáwó rẹ̀. Àlejò ni wọ́n ṣe ìlànà yìí fún. Obìnrin tí ẹ fẹ́ gbà kì í ṣe àlejò, ilé rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni owó oṣù rẹ̀ ti wà lábẹ́ owó orí ibẹ̀. Bákan náà ni ìwé A1 tí wọ́n ń lò nínú European Union: ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán lọ síbòmíràn fún ìgbà díẹ̀, tí kò ju oṣù mẹ́rìnlélógún lọ, ló fi ń san owó ìfẹ̀yìntì nílé tó ti wá. Ẹ̀yin kò rán an lọ síbì kankan.

Ẹ kò sọ orílẹ̀-èdè tó ń gbé, nítorí náà màá fi Gánà ṣe àpẹẹrẹ ìpín tí ẹ máa dá, torí ìṣirò ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ká ní owó oṣù gan-an, láìka àjẹmọ́nú, jẹ́ sídì 10,000. Agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kún un láti àpò ara rẹ̀, ìyẹn 1,300. Á yọ ìdá 5.5 lára owó òṣìṣẹ́, ìyẹn 550. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,850: 1,350 lọ sọ́dọ̀ SSNIT, àjọ ìjọba Gánà tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, 500 tó kù lọ sínú owó ìfẹ̀yìntì ìpele kejì tí àwọn aládàáni ń bójú tó. Lórí 9,450 ni wọ́n ti wá ń ṣírò owó orí. Ohun tó wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò ní tó 9,450 yẹn, ẹ̀yin sì ti ná 11,300. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n ti ṣèlérí 10,000, wọ́n sì rò pé 10,000 náà ni ìnáwó wọn. Nígbà tí ẹ bá ń bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀ owó, ẹ bi í bóyá iye tó fẹ́ rí lọ́wọ́ ló ń sọ àbí iye lódidi kí wọ́n tó yọ nǹkan kan.

Owó yìí ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó tẹ̀ lé e ni owó orí ti Gánà, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti Kẹ́ńyà, ọjọ́ keje ni ti South Africa. Ẹ má fi kàlẹ́ńdà ilé yín ṣe é.

Òfin iṣẹ́ ló lè yà yín lẹ́nu jù. Ní Philippines, láti 1975 ni òfin ti ní kí agbanisíṣẹ́ san owó oṣù kẹtàlá, ìyẹn àfikún lórí owó oṣù méjìlá ọdún, ó pẹ́ tán ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ní Brazil, owó oṣù kẹtàlá wà níbẹ̀ náà, ìdajì àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìparí oṣù Kọkànlá, èyí tó kù kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá. Òfin iṣẹ́ Brazil tún ní owó ilẹ̀ náà ni kí wọ́n fi san owó oṣù. Bí agbanisíṣẹ́ bá san owó ilẹ̀ òkèèrè, bí ẹni tí kò san ni òfin ṣe máa kà á. Èyí tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn jẹ́ ni ti Jámánì: lẹ́tà tí ẹ fi dá òṣìṣẹ́ dúró gbọ́dọ̀ wà lórí bébà, kí ẹ fi gègé buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá fi ímeèlì dá a dúró, kò tíì dúró, owó oṣù ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ẹ máa kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òfin ilẹ̀ yín ni yóò darí rẹ̀, European Union ní gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò lè gba ààbò tí òfin ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ bá fún un kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà wo wá ni ẹ lè gbà? Ẹ lè lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbanisíṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan gba ilé-iṣẹ́ òkèèrè láyè láti ṣe é láìdá ẹ̀ka sílẹ̀, àwọn mìíràn ò gbà. Fún ẹnì kan ṣoṣo, ìwé rẹ̀ lè pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní EOR lẹ́nu iṣẹ́ yìí: àwọn ló máa gba obìnrin náà síṣẹ́ lórúkọ ara wọn níbẹ̀, àwọn ló máa yọ owó orí, àwọn ló máa dá ìpín, ẹ̀yin á máa san owó náà àti owó iṣẹ́ wọn lóṣooṣù. Fún ilé-iṣẹ́ èèyàn méje, ibẹ̀ ni èmi máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà béèrè bóyá wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tiwọn ní orílẹ̀-èdè náà àbí ẹlòmíràn ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, kí ẹ sì rí i pé àdéhùn sọ ọ́ ní kedere pé tiyín ni kóòdù tó bá kọ. Ní Jámánì, òfin lórí fífi òṣìṣẹ́ yáni fi oṣù méjìdínlógún ṣe òpin ìgbà tí ẹnì kan lè wà lọ́dọ̀ oníbàárà kan náà, àfi tí àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá sọ nǹkan mìíràn.

Nǹkan kan wà tí EOR kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ o, ìyẹn owó orí lórí èrè ilé-iṣẹ́ yín. Bí obìnrin náà bá ń bá oníbàárà dúnàá-dúrà níbẹ̀, tó ń parí àdéhùn lórúkọ yín nígbà gbogbo, àjọ owó orí ibẹ̀ lè sọ pé ilé-iṣẹ́ yín ti ní ibùjókòó lórí ilẹ̀ àwọn, kí wọ́n sì bu owó orí lé èrè tó tibẹ̀ wá. Ẹni tó ń kọ kóòdù kò sábà bọ́ sínú ìyẹn. Ẹni tó ń tajà lè bọ́ sínú rẹ̀ kíákíá, nítorí náà ẹ fi títa ọjà àti fífọwọ́ sí àdéhùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín nílé.

Ẹ kọ̀wé sí obìnrin náà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi í pé orílẹ̀-èdè wo ló ti ń san owó orí, bóyá ọmọ ibẹ̀ ni àbí ó nílò ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́, àti bóyá ó ní oníbàárà mìíràn. Ẹ gbé èsì rẹ̀ lọ bá akáǹtáǹtì tó ń ṣe owó oṣù ní orílẹ̀-èdè náà, ẹ má gbé e padà bá tiyín. Ẹ má tíì mú ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí EOR yóò fi fọwọ́ sí ìwé tàbí tí nọ́ńbà agbanisíṣẹ́ yín yóò fi jáde, torí láìsí i, ẹ kò ní lè san owó orí oṣù àkọ́kọ́. Bí iṣẹ́ bá ń jó yín lẹ́sẹ̀ láàárín àkókò yẹn, ẹ tún gbé iṣẹ́ ráńpẹ́ kan fún un bíi ti tẹ́lẹ̀, tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní òpin, tó sì ní iye tirẹ̀.