Ẹ Bi Wá: Gbọ̀ngàn Àpapọ̀ fún Àwọn Òbí Tó Ń Kọ́ Ọmọ Wọn Nílé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, àwa fúnra wa la sì ń kọ́ àwọn ìbejì wa nílé. Ìdílé mẹ́sàn-án ni a jọ ń ṣe é ní agbègbè wa. Pálọ̀ ara wa la ti ń pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ 19 kò gba inú pálọ̀ mọ́. A ti rí ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan tí onílé rẹ̀ fẹ́ fi háyà fún wa fún ọdún márùn-ún, ọkọ mi sì ti ní òun yóò fọwọ́ sí ìwé náà lórúkọ gbogbo wa. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ fẹ́ kí a gba olùkọ́ méjì, kí àwọn ọmọ máa wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí àwa òbí lè ráyè ṣiṣẹ́. Kí ni ẹ rí sí i?
Ìyá Ìbejì, Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọkọ yín má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí olùkọ́ méjì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ewu tó pọ̀ jù wà. Ní ilẹ̀ England, Òfin Ètò Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1996, ní ìsọ̀rí keje, ló gbé e lé òbí lọ́wọ́ pé kí ó rí i pé ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ tó yẹ ọjọ́ orí àti làákàyè rẹ̀, yálà nílé-ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. “Ọ̀nà mìíràn” yìí ni ẹ̀yin ń tọ̀. Ẹ lè ran ara yín lọ́wọ́, ẹ sì lè sanwó fún ẹni tó mọ ìṣirò jù yín lọ, àmọ́ ojúṣe náà kò kúrò lọ́rùn òbí. Òfin kan náà sọ pé ibi yòówù tó bá ń fún ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti tó ọjọ́ orí ilé-ìwé, ní ẹ̀kọ́ àkókò kíkún, ilé-ìwé aládàáni ni. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ẹni tó ní ìwé EHC plan, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ tí káńsù ń ṣe fún ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́, tàbí ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù, ọmọ kan ṣoṣo ti tó. Ẹni tó bá ń darí irú ibẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀ ti rú òfin ọdún 2008, ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n sì ni ìjìyà rẹ̀. Ìlànà tí ìjọba ń tẹ̀ lé ni pé ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 18 lọ lọ́sẹ̀ ní ojúmọmọ, ẹ̀kọ́ àkókò kíkún ló ń ṣe. Kì í sì í ṣe wákàtí nìkan ni wọ́n ń wò: bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọmọ náà ti ń wá, tí àyè kò sí fún un láti kẹ́kọ̀ọ́ níbòmíràn mọ́, wọ́n lè kà yín sí ilé-ìwé bí wákàtí yín kò bá tilẹ̀ tó 18.

Ohun tí àwọn tó fẹ́ ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ń wá, ilé-ìwé ni. Kò burú kí ènìyàn dá ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì múra de àwọn alábẹ̀wò Ofsted, àjọ ìjọba tó ń bẹ ilé-ìwé àti ibi ìtọ́jú ọmọ wò. Ó yẹ kí ẹ jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí tán láàárín ara yín kí ẹ tó wá ilé rárá, nítorí ẹni tó ń wá ibi tí yóò fi ọmọ sí kí ó lè lọ síbi iṣẹ́, àti ẹni tó ń wá ẹgbẹ́ tí yóò jọ kọ́ ọmọ, wọn kò lè jọ lo kọ́kọ́rọ́ kan pẹ́.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀bù. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni òfin ìlò ilé ti fi ṣọ́ọ̀bù sí ìsọ̀rí E, tó sì fi ibi ìkọ́ni sí ìsọ̀rí F1. Nítorí náà, kí ẹ tó lè sọ ṣọ́ọ̀bù di ibi ìkọ́ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ káńsù. Ẹ tún wo ohun tí ìwé onílé sọ nípa àtúnṣe, torí ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń di àtúnṣe òrùlé àti ògiri ru ẹni tó háyà ilé. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kò ní ara tirẹ̀, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé nìkan ni òfin mọ̀. Bí ìdílé mẹ́rin bá kó lọ ní ọdún kejì, ilẹ̀kùn ọkọ yín ni onílé yóò wá kàn.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gba gbọ̀ngàn fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àdúgbò pọ̀ tó ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ti ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àga, ilé ìdáná àti ọ̀nà àbáyọ bí iná bá ṣẹ́yọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé £18 ni wọ́n ń gbà ní wákàtí kan, tí ẹ sì ń lo wákàtí márùn-ún lójúmọ́, £180 ni ti ọ̀sẹ̀ kan. Fún ọ̀sẹ̀ 36 nínú ọdún, ó di £6,480. Bí ìdílé mẹ́sàn-án bá pín in dọ́gba, £720 ló kan ìdílé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn £60 lóṣù. Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ sì jìnnà sí 18.

Mo sọ pé dọ́gba, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bí ọmọ kan yóò béèrè ìdí tí òun yóò fi san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó bí mẹ́rin. Mo fara mọ́ ọn pé kí owó gbọ̀ngàn jẹ́ ti ìdílé, nítorí gbọ̀ngàn kò lé owó lé e nítorí ọmọ, kí owó ọ̀dà, bébà àti irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì sì jẹ́ ti orí ọmọ. Ẹ ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́ ní báǹkì, kí ó má jẹ́ àkáǹtì ẹnì kan, kí ènìyàn méjì sì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ẹ rántí pé èyí kì í ṣe àjọ tí ènìyàn yóò kó tó bá kàn án, owó tó bá ti wọlé ti di ti ẹgbẹ́. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kedere, títí kan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ẹni tó bá kúrò láàárín ọdún, nítorí ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bó bá wá di ọdún kejì tí ẹ ṣì wà pọ̀, ẹ lè sọ ara yín di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lábẹ́ òfin ọdún 2014. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ti tó láti forúkọ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà yóò sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ háyà ilé, bí gbèsè bá sì dé, ti ẹgbẹ́ ni. Ẹ̀yin ará Manchester kò jìnnà sí orísun ọ̀rọ̀ yìí: Rochdale tí trámù yín ń dé ni ènìyàn 28 ti dá owó jọ ní ọdún 1844, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Toad Lane, tí wọ́n ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì ní ìbò kọ̀ọ̀kan, olówó àti tálákà. Ilé náà ti di mùsíọ́ọ̀mù. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò ó.

Ẹ má gbàgbé ìwé adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ onígbọ̀ngàn yóò béèrè, àti àyẹ̀wò DBS, èyí tí àjọ ìjọba kan fi ń wádìí bóyá ènìyàn ti rú òfin rí, fún ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. DBS kì í gba owó tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́.

*

Olóòtú, a ti ń lo gbọ̀ngàn kan fún ọdún kan báyìí. Àwọn òbí kan máa ń já ọmọ wọn sílẹ̀ bí ẹni gbé e lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, wọn a sì wá mú un lọ́sàn-án. Ìyàwó mi ló ń gbálẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun yóò máa san £20 dípò iṣẹ́. Ṣé kí a gbà á?
Bàbá Tọ́lá, Croydon

Bàbá Tọ́lá, ẹ má gbà á. Bí owó bá ti ń wọlé nítorí pé òbí fi ọmọ sílẹ̀, ìtọ́jú ọmọ fún owó lẹ ń ṣe yẹn, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ bá sì wà nínú wọn, tí ó ń lò ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, Ofsted lè ní dandan ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Owó náà kò sì ní gbá ilẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ sí ara ògiri: ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn, ẹni tí yóò kọ orúkọ ọmọ tó dé, ẹni tí yóò fọ abọ́, ẹni tí yóò gbálẹ̀ kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ìyá ọlọ́mọ tuntun lè máa ṣe ìwé ìṣirò owó nílé, iṣẹ́ náà ni. Ẹni tí kò bá lè dúró rárá, kí ó rán ìyá àgbà tàbí àbúrò rẹ̀ tó ti dàgbà wá. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀, kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, bí kò bá sì gbọ́, kí ìpàdé fún ìdílé mìíràn ní àyè rẹ̀. Ìyàwó yín náà ní láti jáwọ́ nínú ìgbálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí kò bá kàn án, bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tilẹ̀ dọ̀tí tí onígbọ̀ngàn sì bínú.