Ẹ Bi Ìyá Olóko: Ìgbẹ́ adìẹ ni, àbí kọ́ńpọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkùrọ̀ ni mo ń dá lẹ́yìn Òjòó n'Ìbàdàn níbí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ni mo ń gbìn. Ẹni tí a jọ pààlà ń lo ìgbẹ́ adìẹ, ẹ̀fọ́ rẹ̀ sì ń dú minimini. Èmi náà ra àpò mélòó kan lọ́dọ̀ ọlọ́sìn adìẹ, mo dà á sídìí ṣọkọ. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kí n lọ máa ṣe kọ́ńpọ́ọ̀sì, ìyẹn ajílẹ̀ tí a fi ewé, èèpo àti ìgbẹ́ tó ti jẹrà ṣe. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? — *Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, Òjòó*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò.

Ìgbẹ́ adìẹ lágbára ju ti màlúù lọ dáadáa. Òórùn tó ń ta yín nímú, tó ń mú kí ojú yín dami nígbà tí ẹ bá tú ẹnu àpò, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní amóníà ni. Amóníà yìí àti iyọ̀ inú ìgbẹ́ náà ló jó gbòǹgbò, tí gbòǹgbò ò fi rí omi fà mọ́, ni ewé fi ń gbẹ láti etí wá. Ẹ lọ bi ẹnìkejì yín dáadáa. Ó jọ pé tirẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ kó tó dà á.

Kọ́ńpọ́ọ̀sì ni màá mú fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ tó kù nù o, òun gan-an la máa fi ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rò ni ẹnu àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ yín. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí bíi salmonella. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn tó ń dáko láìlo kẹ́míkà ni pé ìgbẹ́ ẹran tútù gbọ́dọ̀ ti wọlẹ̀, ó kéré tán, 120 ọjọ́ kí wọ́n tó kórè ohun tó ń kan ilẹ̀, 90 ọjọ́ sì ni fún èyí tí kò kàn án. Tẹ̀tẹ̀ yín ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ ti fà á lọ sọ́jà. Lóòótọ́ à ń se ẹ̀fọ́ jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó já a, ọ̀bẹ tó rẹ́ ẹ àti pákó tí a fi rẹ́ ẹ kì í wọ ìkòkò.

Àkùrọ̀ lẹ sì wà. Omi tó bá ṣàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yín, inú odò tí ẹ ti ń pọn omi tí ẹ fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ ló ń padà sí. Ẹ rò ó wò.

Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Oòrùn àti òjò ilẹ̀ wa máa ń yára jẹ ilẹ̀dú tán. Ìgbẹ́ adìẹ ń bọ́ ẹ̀fọ́ kíákíá, òjò ńlá méjì mẹ́ta á sì gbá èyí tó ṣẹ́kù lọ. Kọ́ńpọ́ọ̀sì ń pẹ́ nínú ilẹ̀: ó ń di omi mú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀, ekòló á sì wọ̀ ọ́. Ẹ sáà wo tẹ̀tẹ̀ tó dá hù lórí ààtàn, ta ló da ajílẹ̀ sí i? N'Ìbàdàn yìí kan náà, ìdọ̀tí ọjà Bódìjà àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ti fi ṣe ajílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pacesetter rí.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ kó ewé gbígbẹ, háríhá àti pòpórò àgbàdo tí ẹ ti fi àdá gé wẹ́wẹ́, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ ṣa ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá da agbọ̀n mẹ́ta, ẹ da agbọ̀n ìgbẹ́ adìẹ kan lé e, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tún bẹ̀rẹ̀, títí òkìtì yóò fi ga tó mítà kan, kó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kéré jù kì í gbóná. Ẹ ki irin gígùn bọ àárín rẹ̀, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó.

Bó bá di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, ẹ fa irin náà yọ. Tí ọwọ́ yín ò bá gbà á, inú mi á dùn, torí ooru tó tó ìwọ̀n Celsius 55 sí 65 ló ń pa kòkòrò àìfojúrí àti èso koríko. Ìgbà tí irin bá ti ń tutù, ẹ fi ṣọ́bìrì yí òkìtì náà kí tẹ̀gbẹ́ bọ́ sáàárín, kó lè tún gbóná. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Bó bá ń rùn bí ìtọ̀, ìgbẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Ẹ má da eérú sí i o. Bí eérú bá pàdé ìgbẹ́ tútù, amóníà á fò lọ, oúnjẹ ẹ̀fọ́ yín ló sì ń bá a lọ yẹn. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta yóò dúdú, yóò máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Kílò méjì sí mẹ́ta ti tó fún mítà kan níbùú lóròó.

Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá rí i nígbà ọyẹ́ tí àwọn ènìyàn ń gbá ewé jọ, tí wọ́n ń ṣáná sí i, tí wọ́n á tún wá fi owó ra ajílẹ̀ lóṣù kẹta. Ẹ bá mi bẹ àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n kó o fún yín.

Bẹ́ẹ̀dì tó ti jóná, ẹ fi ọkọ́ ha ìgbẹ́ náà kúrò, ẹ bomi rin ín dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó tún gbin nǹkan.

Ìbéèrè: Ata rodo mi ga, ewé rẹ̀ dú, kò so. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo ń lò lóṣooṣù. — *Ìkòròdú*

Ìdáhùn: Naitirojíìnì, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ewé dàgbà, ti pọ̀ jù fún un, ewé ló ń fi ṣe. Ẹ dáwọ́ ìgbẹ́ náà dúró. Kọ́ńpọ́ọ̀sì díẹ̀ àti eérú ìkúnwọ́ kan nídìí rẹ̀ ti tó, kí ẹ sì ní sùúrù.

Ìbéèrè: Màmá, mo gba ilẹ̀ ọgbà kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ìgbẹ́ ẹṣin pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀wà àti tòmátì ni mo fẹ́ gbìn. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé koríko wo ni ẹṣin náà jẹ. Lọ́dún 2008, ọ̀pọ̀ ológbà ní Bìrìtìkó pàdánù tòmátì, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún nítorí oògùn apakoríko kan tó ń jẹ́ aminopyralid. Wọ́n fín in sí koríko, ẹran jẹ ẹ́, oògùn náà gba inú ẹran kọjá, ó sì wà nínú ìgbẹ́ síbẹ̀. Kọ́ńpọ́ọ̀sì tí mo ń yìn lókè yìí kì í tètè borí rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbára lé ìyẹn. Ẹ wá ìkòkò òdòdó mẹ́rin. Ẹ po ìgbẹ́ náà mọ́ ilẹ̀ nínú méjì, kí méjì jẹ́ ilẹ̀ lásán, ẹ gbin ẹ̀wà sí gbogbo wọn, kí ẹ máa wo ewé wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ewé àwọn tó ní ìgbẹ́ bá ká kò tàbí tó lọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó fún yín, kó lọ dà á sórí pápá koríko rẹ̀. Èpò eléwé gbòòrò tó wà láàárín koríko ni oògùn náà ń pa, kì í ṣe koríko pápá fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan.