Bọ́bù Tí Kò Dúró Sójú Kan

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá sọ̀fíyọ̀ kan ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, téódólàítì àtijọ́, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn igun, la sì ń lò. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ mẹ́ta gbé e dúró sórí píláà (òpó àmì ilẹ̀), tí mo fi ṣúkúrù ìdí rẹ̀ mú bọ́bù (afẹ́fẹ́ kékeré inú gíláàsì tó ń fi hàn bí ẹ̀rọ bá dọ́gba) wá sáàárín, awò tó ń wo ilẹ̀ á ti kúrò lórí ìṣó àárín píláà. Bí mo bá dá a padà, bọ́bù á tún sá lọ. Nígbà mìíràn, bọ́bù á dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá yí ẹ̀rọ kọjú sẹ́yìn, á kúrò láàárín. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ tó yẹ kí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lẹ ń gbé fún ṣúkúrù. Ẹ kọ́kọ́ yí ṣúkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí agbedeméjì, kí wọ́n lè ní ààyè lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ la ẹsẹ̀ náà dáadáa, kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Bí ilẹ̀ bá dagun, ẹsẹ̀ méjì ni kí ó wà níhà ìsàlẹ̀. Ẹ ri ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ẹ gbé méjì yòókù lọ́wọ́, kí ẹ máa wo inú awò títí ẹ ó fi rí ìṣó, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ wọ́n wọlẹ̀ ṣinṣin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti ń ṣìnà nìyí: ẹ má tíì wo bọ́bù rárá. Ẹ fi ṣúkúrù mú àmì inú awò bọ́ sórí ìṣó gan-an, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tó wá máa fa ẹsẹ̀ gùn tàbí kí ẹ máa dín in kù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí bọ́bù roboto, èyí tí a fi ń ṣe ìdọ́gba àkọ́kọ́, yóò fi bọ́ sáàárín. Àmì kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ìṣó, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń gùn tó ń kúrú, ńṣe ni orí ẹ̀rọ ń rìn yí ibi tó ń wò nílẹ̀ ká. Ti ṣúkúrù kò rí bẹ́ẹ̀: ojú kan ni orí ẹ̀rọ wà, ìtẹ̀sí rẹ̀ nìkan ló ń yí padà, ìdí sì nìyẹn tí awò yín fi ń fò kúrò.

Bọ́bù gígùn, èyí tó ń fi ìdọ́gba hàn fínnífínní, ló kàn. Ẹ jẹ́ kí ó tò lọ́gbọọgba pẹ̀lú ṣúkúrù méjì, kí ẹ yí méjèèjì pọ̀, yálà sínú tàbí síta. Ibi tí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì bá ń lọ ni bọ́bù ń tẹ̀ lé. Ẹ yí ẹ̀rọ ní dígírì 90, kí ẹ fi ṣúkúrù kẹta nìkan parí rẹ̀. Bí àmì bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ dẹ bóòtù àárín, kí ẹ sún ẹ̀rọ láìyí i, kí ẹ sì tún bọ́bù wò.

Ti bọ́bù tó ń yẹ̀ bí ẹ bá yí ẹ̀rọ ní dígírì 180, ẹ̀bi yín kọ́. Bọ́bù fúnra rẹ̀ ni kò tò mọ́ lára ẹ̀rọ. Ìdajì ìyẹ̀ náà ni tirẹ̀, ìdajì ni ti ìdúró ẹ̀rọ. Bí ó bá fi ìlà mẹ́rin kúrò, ẹ fi ṣúkúrù dá méjì padà, kí ẹ fi méjì sílẹ̀. Ibi tí kò ti yẹ̀ mọ́, bí ó ti wù kí ẹ yí ẹ̀rọ, ni kí ẹ máa lò bí àárín títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Àwọn kan gbà pé kíka igun lójú òsì àti lójú ọ̀tún (kíka igun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí a yí awò ìwòran dojú dé kí a tó kà á lẹ́ẹ̀kejì) ń pa gbogbo àṣìṣe rẹ́, ṣùgbọ́n kò lè pa ìtẹ̀sí ìdúró ẹ̀rọ rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fi ìdá kan péré nínú ọ̀nà 60 dígírì kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ sì ń wo òkè ní dígírì 30, igun yín lè fi nǹkan bí sẹ́kọ́ǹdù 35 (ìdá kan nínú ọ̀nà 3,600 dígírì kan ni sẹ́kọ́ǹdù igun kan) ṣìnà, èyí tó tó mìlímítà 17 ní mítà 100. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú kì í hàn. Ẹni tó ń ti ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta wo orí àpáta ni yóò jìyà rẹ̀.

Oòrùn náà ń da bọ́bù láàmú, nítorí ìhà tó gbóná ló máa ń sá lọ. Ẹ fi agboòrùn ṣíji bo ẹ̀rọ. Bí bọ́bù bá sì yẹ̀ nígbà tí ẹ ti ka igun dé ìdajì ìyípo kan (kíka gbogbo àmì yíká lẹ́ẹ̀kan), ẹ má fọwọ́ kan ṣúkúrù nígbà náà: ẹ fagi lé ìyípo yẹn, ẹ tún ẹ̀rọ gbé dọ́gba, kí ẹ sì tún igun kà láti orí àmì àkọ́kọ́.