Ewé tó ká kò, èso tó kó ìdin: ẹ má tíì fín oògùn sí igi plum yín

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o. Ẹ ní igi plum tí ẹ bá nínú ilé tí ẹ rà ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún tó kọjá ti ń ká ewé kò láti oṣù Kẹrin, àti pé nígbà tí ẹ já èso rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìdin ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wá ń béèrè oògùn tí ẹ máa fín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ oògùn dúró ná. Kòkòrò tó ká ewé yín kọ́ ló wọnú èso. Oṣù tí tọ̀hún ń dé yàtọ̀ sí tèyí, ohun tó sì ń ran ọ̀kan kì í ran èkejì. Ojú mi rí tó kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Victoria, irú plum kan, ni igi tèmi ní Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti dàgbà kí a tó kó débẹ̀ lọ́dún 2009. Nígbà tó rúwé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀ ṣù jọ, ewé rẹ̀ wúnjọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ lómi gbígbóná. Mo ra oògùn apakòkòrò, mo fín in láti òkè dé ìdí, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ni mo tó fín in. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àwọn kòkòrò kan nílẹ̀ lábẹ́ igi náà. Wọn ò gùn ju ìdajì èékánná lọ, wọ́n dúdú, àmì aláwọ̀ ọsàn sì wà lẹ́yìn wọn. Mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ ọ̀tá. Bàbá òyìnbó tó múlé gbè wá gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ ladybird lo pa yìí o. Òun ló ń bá ọ jẹ àwọn tó wà nínú ewé." Ladybird ni kòkòrò roboto pupa tó ní tóótòòtó dúdú lẹ́yìn, tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti máa gbé lọ́wọ́. Mo tú ewé kan níwájú bàbá náà. Ààyè ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ wà, wọ́n ń rìn kiri. Oògùn kò kàn wọ́n rárá, nítorí inú ewé tó ká yẹn ni wọ́n sá sí. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Nítorí náà, ẹ já ewé kan, ẹ tú u, ẹ gbé e sún mọ́ ojú. Bí ẹ bá rí kòkòrò wínníwínní tó tutù bí ewé, tó pọ́n díẹ̀, tí awọ funfun tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ wà láàárín wọn, tí ìka yín sì ń lẹ̀ mọ́ ara, aphid tó ń ká ewé nìyẹn. Iná ewé ni èmi máa ń pè wọ́n, torí bí iná orí ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fa oje. Oríṣi mìíràn wà tí kì í ká ewé: abẹ́ ewé ló máa ń tò sí, bíi pé wọ́n bu láfún wọ́n ọn lára. Ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó dé, ìgbẹ́ rẹ̀ tó dùn bí oyin sì máa ń kán sórí ewé ìsàlẹ̀ títí tí wọ́n á fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn méjèèjì kì í gbé orí igi plum títí ọdún fi ń parí. Tó bá di àárín ìgbà ooru, wọ́n á hu ìyẹ́, wọ́n á fò lọ sórí koríko àti àwọn ewéko mìíràn. Ìgbà tí mo ń fín oògùn lóṣù Kẹfà yẹn, wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Wọ́n á padà wá nígbà tí ewé bá ń rẹ̀, wọ́n á yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí ewé tuntun yóò ti yọ. Ẹyin yẹn ni kí ẹ bá jà. Lóṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, tí igi bá ti wọ́wé tán pátápátá, mo máa ń po òróró ewéko tí wọ́n ń tà fún fífọ igi ní ìgbà òtútù mọ́ omi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike, màá fín in títí gbogbo ojú ẹ̀ka yóò fi rin. Ọjọ́ tí kò sí òjò, tí yìnyín kò sì bò, ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì ta nǹkan bo koríko àti òdòdó tó wà nísàlẹ̀, torí ó lè jó wọn. Fún ti ọdún yìí, ó ti pẹ́. Ẹ fi ọwọ́ tẹ èyí tí ọwọ́ yín bá tó, ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn ladybird. Iná ewé kì í pa igi. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ewé tó ń ká lórí igi mi kò ju díẹ̀ lọ.

Ẹ má fi ìbínú gé àwọn ẹ̀ka tó ṣù jọ yẹn lákòókò òtútù o! Mo ṣe é lóṣù Kejì ọdún kan. Àrùn tí wọ́n ń pè ní silver leaf gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ewé ń dán bí fàdákà, ẹ̀ka ńlá kan sì gbẹ pátápátá. Láti oṣù Kẹfà sí ìkẹjọ, lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, nìkan ni kí ẹ rẹ́ ẹ̀ka igi plum.

Ó wá ku ìdin. Oríṣi méjì ló wà, ìgbà tí èso ń já bọ́ ni ẹ fi máa dá wọn mọ̀. Bí èso wẹ́wẹ́ bá ń já lóṣù Karùn-ún sí ìkẹfà, tí ihò dúdú tó rin wà lára rẹ̀, ìdin funfun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti sawfly, kòkòrò abìyẹ́ kan tó máa ń yé ẹyin nígbà tí igi bá tanná. Ẹ ṣa àwọn èso náà kúrò nílẹ̀ lójoojúmọ́, torí inú ilẹ̀ ni ìdin yẹn ń gbà lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èso wẹ́wẹ́ tó bá já ló kó kòkòrò. Igi fúnra rẹ̀ máa ń ju èyí tí kò lè gbé sílẹ̀.

Èyí tí ẹ bá nínú èso tí ẹ já lọ́dún tó kọjá, ìdin àfòpiná plum (plum moth) ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, ìyeyè tó bá kọ́kọ́ pọ́n, tó já bọ́, ni a máa ń sáré dù. Mo gbé ìwà yẹn dé ìdí plum. Èyí tó pọ́n ṣáájú ẹgbẹ́ ni mo mú, mo là á sí méjì: ìgbẹ́ dúdú wẹ́wẹ́ yí kóró rẹ̀ ká bí ẹ̀tù ìbọn, ìdin kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ní orí àwọ̀ ilẹ̀, sì ń wọ́ láàárín rẹ̀. Ìdin inú rẹ̀ ló mú un pọ́n láìtọ́jọ́.

Àtè ni mo fi ń mú wọn. Ó dà bí ilé kékeré tí wọ́n fi páálí ṣe, gọ́ọ̀mù wà nílẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi òórùn abo àfòpiná sí àárín. Akọ á tẹ̀ lé òórùn náà wọlé, á lẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọ, n kò mú ẹyọ kan. Ti ápù ni mo rà! Akọ ti plum kò mọ òórùn abo ti ápù, ẹ wo ara páálí dáadáa kí ẹ tó sanwó. Àárín oṣù Karùn-ún ni mo máa ń kọ́ ọ, ní ìwọ̀n gíga orí mi, màá sì pààrọ̀ òórùn náà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Kì í mú gbogbo wọn tán, pàápàá bí igi plum bá wà nílé aládùúgbò, torí abo tí akọ ti gùn níbẹ̀ lè fò wá. Ṣùgbọ́n ṣáájú, ó tó ìdajì èso mi tó ń bàjẹ́. Lọ́dún tó kọjá, bí mo bá là mẹ́wàá, ẹyọ kan ni mo ń rí ìdin nínú rẹ̀. Ẹ sì máa ṣa èyí tó bá já kúrò nílẹ̀ kíá, torí ìdin náà á jáde, á lọ fara pamọ́ sábẹ́ èèpo igi títí òtútù fi máa kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí ẹ bá rí ihò lára ewé tuntun, tí ewé kò sì ká, ìdin àfòpiná ìgbà òtútù (winter moth) nìyẹn. Abo rẹ̀ kò ní ìyẹ́ tó lè fi fò, ẹsẹ̀ ló fi ń gun igi lọ yé ẹyin. Ẹ fi okùn àtè yí ìdí igi ká kí oṣù Kẹwàá tó parí, kí ẹ sì yí igi ìtìlẹ́yìn tó gbé e dúró ká pẹ̀lú. Mo gbàgbé ìyẹn lọ́dún kan, ibẹ̀ ni gbogbo wọn gbà gòkè.

Kíkọ́ àtè òórùn yẹn lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, Àǹtí mi, torí àkókò rẹ̀ la wà yìí. Tí èso bá ń já, ẹ la mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò inú wọn, ẹ fi ránṣẹ́ síbí. Màá wò ó fún yín.